Ohun tó wà lẹ́yìn ogójì sójà

Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí ìbéèrè kan ti ń gbé inú mi. Èmi kọ́ ni mo bi í. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bi í láti Abẹ́òkúta, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan tí a jọ wà lórí WhatsApp pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ọmọ yìí wọ iṣẹ́ sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí erékùṣù Falkland ni, ní ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún. Atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń fa aṣọ ya. Ìyá rẹ̀ wò ó títí. Kò béèrè oúnjẹ, kò béèrè òtútù. Ó ní, "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀?"

"Màmá, ẹgbẹ́ tiwa lé díẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn mìíràn tún wà o, àwọn tó ń wa bàálù, àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, àwọn tó ń se oúnjẹ. Tí ẹ bá da gbogbo wa pọ̀, a máa lé ní ẹgbẹ̀rún."

"Ẹ̀yin péré? Níbi tí wọ́n ti jagun rí?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó yí fóònù rẹ̀ sẹ́yìn kí á lè rí pápá gbalasa kan tí ó tẹ́ lọ rẹrẹ. "Màmá, ẹ má wulẹ̀ kà wá. Títì bàálù yìí ni kí ẹ kà."

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe já nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá rẹ̀ kò já kúrò lọ́kàn mi. Mo ń gbé e wọ rélùwéè lọ síbi iṣẹ́, mo ń gbé e bọ̀ wálé. Ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn aláṣẹ ní London ti bi ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún: sójà mélòó ló tó láti ṣọ́ ilẹ̀ tó fi kìlómítà tó ju 12,000 jìnnà sílé? Wọ́n dáhùn rẹ̀ lọ́nà kan kí ọdún 1982 tó dé, ọdún tí Argẹntínà wá fi ogun gba erékùṣù náà, wọ́n sì dáhùn rẹ̀ lọ́nà mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀mí tó lé ní 900 ló bá ìdáhùn àkọ́kọ́ lọ.

Ogójì ènìyàn àti ọkọ̀ pupa kan

Nǹkan bí 40 Royal Marines, sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jà láti ojú omi, ló máa ń wà ní Falkland nígbà yẹn. Wọ́n á lo ọdún kan, àwọn mìíràn á wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bárékè wọn wà ní Moody Brook, ní ìparí èbúté Stanley tí í ṣe olú ìlú. Wọn kò ní ìbọn àgbá, wọn kò ní bàálù ogun. Argẹntínà tó ń pe ilẹ̀ náà ní Malvinas, tó ní tòun ni, kò jìnnà sí wọn ju nǹkan bíi kìlómítà 500 lọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, inú bí mi. Ta ló ń fi ogójì ọmọ ọlọ́mọ síwájú orílẹ̀-èdè odindi? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á lọ, mo rí i pé àwọn tó fi wọ́n síbẹ̀ ro ó dáadáa. Tí wọ́n bá fẹ́ kó sójà tó lè dá ogun Argẹntínà dúró lọ síbẹ̀, wọ́n á kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n á kó ọkọ̀ ogun, wọ́n á kó bàálù, wọ́n á sì máa bọ́ wọn lọ́dọọdún nítorí àwọn ará ìlú tí kò pé 2,000. Tí wọ́n bá sì kó 400 lọ dípò 40, ogun tó bá dé á borí 400 náà, kìkì pé òkú á pọ̀ sí i. Wọ́n wá fi ogójì síbẹ̀ bí ẹni so agogo mọ́ ilẹ̀kùn. Agogo kì í ja olè. Ó ń dún ni, kí olè lè mọ̀ pé onílé ti gbọ́.

Àwa Yorùbá ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ogójì yẹn ló yẹ kí a máa kà. Ọkọ̀ ojú omi kan wà tí wọ́n ń pè ní HMS Endurance, pupa ni wọ́n kùn ún, ó máa ń rìn yíká òkun gúúsù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ omi wà nílé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, èrò wà lọ́kàn Argẹntínà pé bí àwọn bá fọwọ́ kan ogójì yẹn, gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á dìde.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1977, nígbà tí James Callaghan jẹ́ olórí ìjọba, ìròyìn dé pé Argẹntínà ń gbèrò nǹkan. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó rán ọkọ̀ abẹ́ omi Dreadnought àti ọkọ̀ ogun méjì, Alacrity àti Phoebe, lọ sí gúúsù. Àṣírí ni wọ́n fi ṣe. Ohun tó wú mi lórí nínú rẹ̀ ni pé ẹnì kan ní London ń ka ọjọ́. Ó mọ̀ pé ọ̀nà jìn, pé ẹni tó bá dúró títí agogo á fi dún kí ó tó gbéra, ilẹ̀ á ti ṣú bá a lójú ọ̀nà.

Ó wá di oṣù kẹfà ọdún 1981. John Nott tó jẹ́ mínísítà ètò ààbò gbé ètò tuntun kalẹ̀ láti dín ìnáwó kù, ara ohun tí wọ́n sì fẹ́ yọ kúrò ni Endurance, ọkọ̀ pupa yẹn. Lord Carrington tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kọ̀wé léraléra pé kí wọ́n má ṣe é. Nick Barker, ọ̀gá tó ń darí ọkọ̀ náà, kìlọ̀ títí. Wọn kò gbọ́. Ọdún márùn-ún ṣáájú ni Lord Shackleton ti kọ ọ́ sínú ìwé fún ìjọba pé kí wọ́n fa títì bàálù Stanley gùn kí bàálù ńlá lè máa balẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ka ìwé náà, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan níbí. Ní 1977, nǹkan bí 40 ni sójà tó wà ní Falkland. Ní 1981, nǹkan bí 40 náà ni. Ẹni tó bá ṣí ìwé ìṣirò á ní nǹkan kan kò yí padà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fa ohun tó wà lẹ́yìn ogójì kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú Argẹntínà sì ń rí i. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́.

Alẹ́ tí wọ́n pa iná ilé-ìmọ́lẹ̀

Mo ti ka ìtàn alẹ́ yẹn tó ìgbà mẹ́rin. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ló wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta 1982, àwọn òṣìṣẹ́ Argẹntínà tó lọ tú irin àlòkù ní erékùṣù South Georgia, tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, fa àsíá orílẹ̀-èdè wọn sókè níbẹ̀. London ní kí Endurance gbé sójà lọ síbẹ̀. Ó kó 22, àwọn kan nínú wọn sì jẹ́ ara ogójì tó ń ṣọ́ Stanley. Bí ọkọ̀ pupa ṣe kúrò nílé nìyẹn, tòun ti díẹ̀ nínú àwọn aṣọ́lé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ni wọ́n tó pàṣẹ kí ọkọ̀ abẹ́ omi máa lọ. Spartan kúrò ní Gibraltar ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin. Ọjọ́ 12 ló dé.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó jọ oríire. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn Royal Marines tuntun dé láti gbaṣẹ́, àwọn ti tẹ́lẹ̀ kò sì tíì kúrò. Ọ̀gá méjì ló wà nílẹ̀, Major Mike Norman tó ń bọ̀ àti Major Gary Noott tó ń lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ àwọn tó lọ South Georgia kúrò, tí wọ́n sì fi ìwọ̀nba ọmọ ogun ojú omi díẹ̀ kún un, wọn kò ju 80 lọ. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ni Norman gba ìdarí. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni wáyà dé sọ́wọ́ Gómìnà Rex Hunt pé ó jọ pé ọkọ̀ ogun Argẹntínà á dé ẹnu èbúté ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ó ṣètò bó ṣe yẹ.

Kí ó ṣètò bó ṣe yẹ! Mo gbé ìwé náà kalẹ̀ nígbà tí mo dé ibẹ̀. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, ṣùgbọ́n arọ tí wọ́n sọ fún ní ìrọ̀lẹ́ pé ogun á dé láàárọ̀, ibo ni yóò wọ́ dé?

Wọ́n ṣètò. Wọ́n kó ọkọ̀ àti irin dí títì bàálù Stanley. Wọ́n ní kí olùtọ́jú ilé-ìmọ́lẹ̀ Cape Pembroke pa iná rẹ̀, iná tí àwọn awakọ̀ ojú omi ń wò láti mọ ọ̀nà. Wọn kò ní ẹ̀rọ tó lè rí òkun jìnnà, nítorí náà wọ́n bẹ ọ̀gbẹ́ni Jack Sollis kí ó gbé ọkọ̀ kékeré kan tó ń jẹ́ Forrest jáde sójú omi, kí ó fi rédà rẹ̀ máa wò. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú kan ṣoṣo tí ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní níbẹ̀ wà nínú ọkọ̀ kan tí wọn kò kàn fún ogun.

Ní alẹ́, Gómìnà bọ́ sórí rédíò ó sọ ohun tó ń bọ̀ fún àwọn ará ìlú. Patrick Watts tó ń darí ilé iṣẹ́ rédíò kékeré yẹn kò pa á títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ń fi orin sí i, àwọn ènìyàn ń pe fóònù láti inú ilé wọn, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ń rí lójú fèrèsé. Mo gbìyànjú láti fojú inú wò ó: ìlú kékeré tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, iná ti kú, ọmọdé wà lábẹ́ tábìlì, ohùn ẹnì kan tí o mọ̀ dáadáa ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti inú rédíò. Nígbà tí sójà Argẹntínà wọlé bá a, ó ṣì wà lórí afẹ́fẹ́.

Norman kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ sùn ní Moody Brook. Ìpinnu yẹn ló gbà wọ́n là, torí kí ojúmọ́ tó mọ́, àwọn kòmáńdò Argẹntínà ti kọlu bárékè náà, wọ́n sì bá a lófìfo. Àwọn mìíràn lọ sí ilé Gómìnà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn lu Pedro Giachino tó ṣáájú wọn, ó sì kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọkọ̀ ogun onírin tó ń rìn nínú omi gun etíkun Yorke Bay, wọ́n ń bọ̀ wá sínú ìlú. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, Rex Hunt ní kí wọ́n gbé ìbọn kalẹ̀.

Ẹnì kan kò kú nínú àwọn aṣọ́lé. Àwọn ará Argẹntínà náà sì ti gba àṣẹ pé kí wọ́n yẹra fún pípa wọn. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ agogo ṣe rí: àwọn tó wọlé mọ̀ pé agogo wà, wọ́n ní àwọn á rọra dì í mú kí ó má dún. Ṣùgbọ́n wọ́n ya fọ́tò àwọn Royal Marines tó dojú bolẹ̀ lórí títì, fọ́tò náà sì dé London. Agogo dún. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin, ọkọ̀ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní Portsmouth. Ọjọ́ yẹn náà ni Carrington fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, 323 ènìyàn ló bá ọkọ̀ ogun Argẹntínà tó ń jẹ́ General Belgrano lọ. Sójà 255 kú fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 649 kú fún Argẹntínà, ará erékùṣù mẹ́ta sì kú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Argẹntínà yẹn jẹ́ ọmọ ọdún 18, 19, tí ìjọba wọn fi tipátipá kó sójà. Owó tí wọ́n ná sí ogun náà ju bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ. Owó tí wọ́n fẹ́ fi yíyọ Endurance kúrò dá sí lọ́dọọdún kò ju mílíọ̀nù díẹ̀ lọ.

Ìgbìmọ̀ Lord Franks jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983 wọ́n ní a kò lè di ẹ̀bi ìpinnu tí àwọn ológun Argẹntínà ṣe ru ìjọba London. Mo gbà pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ogun ló lẹ̀bi ogun. Síbẹ̀, ẹni tó so agogo mọ́ ilẹ̀kùn, tó wá kó ọmọ odó tó fi ń dúró de olè kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní ìbéèrè tirẹ̀ láti dáhùn.

Àwọn ajẹ́lẹ̀

Nígbà tí mo ń ka èyí, ọkàn mi kò yé lọ sí Èkìtì. Nígbà tí Ìbàdàn ń jọba lé àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà lórí, ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan, pẹ̀lú ìwọ̀nba àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò lè bá odindi ìlú jà. Ẹ̀rù Ìbàdàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlú ń bẹ̀rù. Lọ́dún 1878, Fábùnmi ní Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ tó ń hùwà ìrẹ́jẹ sí wọn, àwọn ìlú yòókù sì dìde. Ogun Kírìjì tó tẹ̀lé e, ó di ọdún 1886 kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Èmi kò káàánú ìjọba Ìbàdàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyà ń jẹ àwọn ará Èkìtì. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé ẹ̀rù tó wà lẹ́yìn ajẹ́lẹ̀ máa ń tán lọ́kàn ènìyàn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti tán. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnì kan dín iye ajẹ́lẹ̀ kù.

Ọjọ́ 49, wákàtí 18

Láti ọjọ́ tí Argẹntínà gba Stanley títí di ọjọ́ tí sójà Gẹ̀ẹ́sì tẹ ilẹ̀ Falkland ní San Carlos, ọjọ́ 49 ni. Nọ́ńbà yìí ni mo rò pé ó yí gbogbo ìṣirò wọn padà.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà tì síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó rọrùn láti fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ojú ogójì ṣì ń ti ìjọba. Ṣùgbọ́n sójà tó wà lókèèrè ń jẹun, òtútù ń mú un, ìyàwó rẹ̀ ń retí rẹ̀, ibòmíràn sì ń wá a. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n lọ kọ́ pápákọ̀ òfuurufú tuntun sí Mount Pleasant, ní nǹkan bíi kìlómítà 50 sí Stanley, sórí ilẹ̀ tí kò sí ohunkóhun tẹ́lẹ̀ àfi àgùntàn àti koríko. Títì bàálù rẹ̀ gùn ju kìlómítà 2.5 lọ. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1985. Ohun tí Shackleton sọ ní 1976 ni wọ́n pàpà ṣe, lẹ́yìn tí òkú ti sùn.

Bí títì yẹn ṣe wà ni wọ́n ṣe lè dín sójà kù. Lónìí, ẹgbẹ́ sójà ẹlẹ́sẹ̀ kan ló máa ń wà níbẹ̀, ọkọ̀ ogun kékeré kan tó ń rìn yíká omi, ohun ìjà tí wọ́n ń pè ní Sky Sabre láti já bàálù ọ̀tá bọ́, àti rédà lórí àwọn òkè bíi Mount Alice àti Byron Heights tó ń wò tọ̀sán tòru. Ojú alákàn ti di púpọ̀. Bàálù ogun Typhoon mẹ́rin ló wà níbẹ̀ láti 2009. Faith, Hope àti Charity ni wọ́n sọ mẹ́ta nínú wọn, Ìgbàgbọ́, Ìrètí àti Ìfẹ́ tí gbogbo wa kọ́ nílé ìjọsìn, orúkọ tí àwọn bàálù tó gbèjà Malta nínú Ogun Àgbáyé Kejì jẹ́. Ẹ̀kẹrin ni wọ́n pè ní Desperation, bí ìgbà tí omi bá ti dé ọrùn ènìyàn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀ báyìí. Rédà á rí ohun tó ń bọ̀. Typhoon á gbéra. Sójà ẹlẹ́sẹ̀ á dúró ti títì bàálù kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Bàálù ńlá á kúrò ní Brize Norton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ọ̀pọ̀ sójà, ní nǹkan bíi wákàtí 18 á balẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tó wà nílẹ̀ ni pé kí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí nígbà tí ìrànlọ́wọ́ bá dé. Ìdí nìyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ní kí ìyá òun ka títì. Òótọ́ ló sọ. Kí 1982 tó dé, orí ni wọ́n ń kà. Wákàtí ni wọ́n ń kà báyìí.

Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀ tán, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Wákàtí 18 yẹn ní ibùdókọ̀ lójú ọ̀nà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, erékùṣù Ascension ni bàálù ti ń sọ̀ láti gba epo, ní nǹkan bí ìdajì ọ̀nà. Ní 2017, títì bàálù Ascension ti bàjẹ́ débi pé bàálù ńlá kò lè balẹ̀ síbẹ̀ fún ọdún díẹ̀. Cape Verde ni wọ́n wá ń gbà nígbà náà. Ṣáájú ìyẹn, ní 2010, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kó àwọn bàálù Harrier rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, irú èyí tó jà ní 1982 láti orí ọkọ̀ ojú omi. Nínú gbogbo èyí, iye sójà tó wà ní Mount Pleasant kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tó bá ka orí nìkan kò ní rí i pé ohun kan ti ya.

Ohun tí agogo kò ní

Lọ́dún 2024, Argẹntínà ra bàálù ogun F-16 mẹ́rìnlélógún lọ́wọ́ Denmark. Látìgbà náà ni àwọn kan ti ń ní kí London kó sójà sí i lọ sí Falkland. Ó lè tọ́, ó lè má tọ́. Lójú tèmi, kí wọ́n tó sọ iye tí wọ́n á fi kún un, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ wákàtí mélòó ló gbà báyìí kí ìrànlọ́wọ́ tó dé, àti ohun tí wọ́n ti mú kúrò lójú ọ̀nà yẹn láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Àkókò ìdákẹ́rọ́rọ́ ló yẹ kí wọ́n béèrè é. Ìgbà tí gbogbo nǹkan dákẹ́ ni wọ́n kọ ọkọ̀ pupa sílẹ̀.

Èmi kò fẹ́ dá ẹjọ́ ta ló ni ilẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ dìbò ní 2013, ènìyàn mẹ́ta péré ló ní àwọn kò fẹ́ wà lábẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Wọn kò tó 4,000 títí di òní. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé ọmọ Zimbabwe ni ẹni tó kọ́kọ́ kí òun ní Stanley bí ẹni kí àbúrò rẹ̀. Àwọn ọmọ Zimbabwe ló wá hú ọ̀pọ̀ nínú àwọn bọ́ǹbù tí ogun fi sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, iṣẹ́ tó di 2020 kó tó parí. Àwọn kan nínú wọn kò padà sílé mọ́, ibẹ̀ ti di ilé wọn. Ogun ọjọ́ 74, iṣẹ́ ìtúnṣe ọdún 38.

Nígbà tí mo bá tún ronú sí ọ̀rọ̀ agogo, inú mi kì í dùn sí i tó bó ṣe dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Àfiwé tó dára ni, ó sì bá ìṣirò mu. Ṣùgbọ́n agogo kò ní ìyá. Ìpinnu láti fi ènìyàn díẹ̀ síbi tó jìnnà, pé bí ọ̀tá bá fọwọ́ kàn wọ́n ni a óò mọ̀ pé ogun dé, ìpinnu tí ìjọba lè ṣe ni, mo sì gbà pé nígbà mìíràn kò sí èyí tó dára jù ú lọ. Ẹni tó bá ṣe é ti jẹ gbèsè. Ó jẹ àwọn ènìyàn yẹn ní gbogbo ohun tó ní òun fi sẹ́yìn wọn, lódindi, lójoojúmọ́, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Mike Norman àti àwọn kan lára àwọn tí wọ́n dojú wọn bolẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin padà lọ pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun tó lọ gba erékùṣù náà. Wọ́n wà ní Stanley nígbà tí àsíá gòkè padà ní ilé Gómìnà. Mo máa ń rò ó pé kí ló wà lọ́kàn wọn lọ́jọ́ yẹn sí àwọn tó rán wọn níṣẹ́ àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi kò ṣì í béèrè. Ìyá ní ẹ̀tọ́ láti ka orí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ rẹ̀ tún pè. Wọ́n ti fẹ́ máa bọ̀. Ó ti sanra díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n nítorí atẹ́gùn. Ìyá rẹ̀ ní, "Àwọn tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

"Wọ́n ti dé lánàá, Màmá. A jọ wà níbí ni."

"Ẹ ti di ìlọ́po méjì nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Lálẹ́ òní nìkan."

"Ó dáa. Màá sùn lónìí."

Mi ò sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Stanley lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin 1982, àwọn tó ń bọ̀ àti àwọn tó ń lọ lójú kan. Mo ní kí ọmọ náà fi títì bàálù hàn mí lẹ́ẹ̀kan sí i. "Àǹtí, ilẹ̀ ti ṣú o," ó wí, ṣùgbọ́n ó jáde síta, ó yí fóònù rẹ̀. Iná wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì náà, ó ń tàn ní méjì-méjì títí lọ, títí tí ojú mi kò fi lè kà á mọ́.